Èdè Sípéènì Tí Èmi àti Ìyá Mi Jọ Kọ́

Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Sípéènì. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò tan mọ́ra wọn rárá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Wharf Road, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté, ló ti ń lọ sílẹ̀. Ìwé tí àwa mẹ́rin máa ń jókòó tì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà kan ti ń ṣe é kí a tó mu tíì tán. Ọ̀gá wa ò lé ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó ti ń kí wa bí ẹni ń kí àlejò tó yẹ kó ti máa lọ. Mo ti lé lógójì ọdún díẹ̀, mi ò sí nílé ọkọ mọ́, mi ò sì bímọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì sọ fún mi pé wọ́n ń wá àwọn tó máa tọ́jú arúgbó ní Sípéènì, pé kéèyàn ṣáà ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀, kó sì dáhùn ìbéèrè wọn dáadáa, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní bó bá jẹ́ ti ìtọ́jú arúgbó ni, ta ló fẹ́ kọ́ mi?

Ìyá mi ni mo gbójú lé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà nígbà náà tí àìsàn ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, èmi nìkan ni mo sì wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá méjì tí a ní ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Boundary. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, ọkọ ni wọ́n bá wá síbí. Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà ní ọjà Boundary fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sì sí télọ̀ kan ládùúgbò tí kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n lè ti òkèèrè wo ẹ̀wù lọ́rùn rẹ, kí wọ́n sọ irú bọ́tìnnì tó já kúrò níbẹ̀ àti ibi tí o ti máa rí irú ẹ̀ rà.

Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá gbé omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ wọlé. Màá gbé ìyá mi jókòó, màá wẹ̀ wọ́n, màá fi òrí pa wọ́n lára, màá wọ ẹ̀wù fún wọn, màá dé wọn ní fìlà onírun tí wọ́n fẹ́ràn, màá sì fi ṣíbí fún wọn ní ògì. Wọn kì í gbé ọwọ́ sókè. Bí ojú bá ń yún wọn, èmi ni mò ń bá wọn yún un. Àwọn ará ilé wa rí i, wọ́n sì ń yìn mí. Wọ́n á ní, "Ọmọ dáa. Ẹni tó bí irú èyí ò kú sí ìgbẹ́." Mo fẹ́ràn ìyìn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì, mi ò sì ní purọ́ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà míì, màá ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ tí mo bá ń fún wọn lóúnjẹ, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí wa.

Dókítà ti sọ fún wa lọ́jọ́ tí a kúrò ní ọsibítù pé ká jẹ́ kí ìyá máa lo ọwọ́ náà, kódà bó tiẹ̀ ń gbọ̀n, kódà bí nǹkan bá ń já bọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nínú ọkàn mi, mo ní ọmọkùnrin yìí ò mọ ohun tó ń sọ. Kí ni mo wá ń jẹ́ ọmọ sí, tí ìyá tó bí mi á máa fi ọwọ́ gbígbọ̀n wọ ẹ̀wù, tí èmi á sì dúró?

Ṣùgbọ́n ìyá mi ń parẹ́ mọ́ mi lójú. Ara wọn ò burú sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ mọ́. Wọn ò béèrè ẹni tó ti gba ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọn ò bá mi jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, àwa tó jẹ́ pé ìjà iyọ̀ la fi ń dágbére fúnra wa tẹ́lẹ̀. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé wọn ò kírun mọ́. Ìyá mi tí kì í jẹ́ kí wákàtí ìrun kan fo òun, tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ẹ̀ kódà tí télọ̀ mẹ́ta bá ń dúró. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọsibítù, mo máa ń bu omi, mo máa ń bá wọn ṣe àlùwàlá, wọ́n á sì jókòó kírun. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n gbé omi náà padà. "Ó rẹ̀ mí," ni wọ́n wí. Ó tún rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì. Mo pe àfáà, ó wá sọ fún wọn pé Ọlọ́run gba ti aláìsàn, pé wọ́n lè fi erùpẹ̀ mímọ́ dípò omi. Wọ́n mi orí, wọ́n dúpẹ́, wọn ò sì ṣe ohunkóhun. Mo rò pé àìsàn náà ti wọ inú ìgbàgbọ́ wọn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí pé ìyá mi ni mo fẹ́ kó padà wá, kì í ṣe apá àti ẹsẹ̀ nìkan.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ sílẹ̀ sí i, tí mo gba ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi, tí mo sì forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì èdè Sípéènì. Láàárọ̀ Sátidé ni, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àpápá. Tí a bá ṣí fèrèsé, èéfín ọkọ̀ tírélà á wọlé. Tí a bá tì í, ooru á pa wá. Ẹni tó ń kọ́ wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Sípéènì, níbi tó ti ń tọ́jú arúgbó, kó tó padà wálé. Ó máa ń pè mí ní Àǹtí, ó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kì í dá mi sí. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jókòó tì mí jẹ́ wẹ́dà, ó ń bá wọn jó irin ọkọ̀ ojú omi ní Snake Island. Ọwọ́ ẹ̀ le bí pákó, èdè náà sì ń yọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ju tèmi lọ.

Ní bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tíṣà kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: me levanto, me lavo, me visto, me peino. Ó ní mo dìde, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo yarun. Àmọ́ ó ní ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú yẹn. Níbẹ̀, èèyàn kì í kàn wẹ̀. Ó ń wẹ ara rẹ̀. Ó ń gbé ara rẹ̀ dìde. Ó ń wọṣọ fún ara rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣàròyé. Mo ní, "Tí mo bá sọ pé mo wẹ̀, ta ló máa bi mí pé ta ni mo wẹ̀?"

Ó ní, "Wọ́n á bi yín o, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kúrò, wọ́n á máa wo ẹnu yín pé kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ wẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ. Ó lè jẹ́ mọ́tò."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wọ̀ mí lórí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mọ́tò ni mò ń fọ̀ kiri. Tí tíṣà bá ní kí n ròyìn àárọ̀ mi, màá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí n tó dé ìdajì, ọ̀rọ̀ kékeré náà á ti bọ́. Lọ́jọ́ tí ó ní kí n ròyìn àárọ̀ ìyá mi, mo sọ ọ́ láìkọsẹ̀: mo gbé wọn, mo wẹ̀ wọ́n, mo wọṣọ fún wọn. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ó wò mí díẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì pe ẹlòmíì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e la ṣe eré. Tíṣà gbé àga kan sáàárín, ó ní kí wẹ́dà jókòó bí bàbá arúgbó, kí èmi jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Kí n sọ fún bàbá kó dìde, kó wẹ̀, kó wọṣọ. Ó rọrùn lójú mi. Mo kúnlẹ̀ kí wẹ́dà, mo ní ẹ káàárọ̀, bàbá. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ẹ̀, mo gbé e. Ọkùnrin náà sanra, mo sì gbé e. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ kan. Àwọn ará kíláàsì ti ń fi orí lu tábìlì fún ẹ̀rín kí n tó mọ̀ pé mi ò tíì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ Sípéènì kan.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, bàbá yìí ò lè bọ́ bàtà ni?"

Mo ní, "Arúgbó ni, àbí?"

"Arúgbó ni. Mo ní ṣé kò lè bọ́ bàtà ni?" Ó gbé bàtà náà fún wẹ́dà, ó ní, "Ohun tó bá lè ṣe, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Tó bá lo ogún ìṣẹ́jú lórí bọ́tìnnì kan, ẹ dúró. Ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnu yín ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá ń ṣubú, ẹ dì í mú. Tí kò bá ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá káwọ́ sẹ́yìn tó ń wo àgbà tó ń jìyà, wọn ò ní bi í léèrè kí wọ́n tó bú u. Ó ní, "Èmi náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Ìyá àgbà tí mo kọ́kọ́ tọ́jú ló kọ́ mi. Mo sáré bá a so bọ́tìnnì, ó gbá mi lọ́wọ́. Mo rò pé ìyá náà burú ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí kálukú lọ wá ẹnì kan nílé tó máa fi ṣe irú eré náà lójoojúmọ́, ẹnu ni kí a fi ṣe é, kì í ṣe ọwọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sí Boundary, mo ń kùn títí mo fi délé. Ọmọ àná lásánlàsàn, ó fẹ́ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ọ̀rọ̀ Sípéènì náà kúkú ń lọ lẹ́nu mi. Nígbà tí mò ń ká aṣọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀ láti orí àga wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láìjẹ́ pé mo bi wọ́n ní nǹkan.

"Kí lò ń sọ lẹ́nu bí ẹni ń ka wírìdí?"

"Èdè tí mò ń kọ́ ni, mà."

"Sọ ọ́ sókè kí n gbọ́."

Mo ní, "Levántese."

"Kí ni ìyẹn?"

Èmi ò lè wo ojú ìyá mi kí n ní kí wọ́n dìde. Ọmọ kì í pàṣẹ fún ìyá, kódà tó bá fi "ẹ" síwájú ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti bá wọn sọ láti oṣù mẹ́jọ, "ṣé kí n" ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: ṣé kí n gbé yín, mà, ṣé kí n wẹ̀ yín, mà. Mo wá ní, "Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àgbà níbẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó dìde ni, mà."

Mo padà sídìí aṣọ mi. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, ọwọ́ òsì wọn ti di apá àga mú, wọ́n sì ti tẹ̀ síwájú. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré dì wọ́n mú. Wọ́n wo ọwọ́ mi tó wà lára wọn.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá, mà. Wọ́n á kó ọwọ́ sẹ́yìn ni."

"Kó o sẹ́yìn nígbà náà. Ṣé o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àbí o ò fẹ́?"

Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n gbìyànjú, ìdí wọn kúrò lórí àga díẹ̀, wọ́n sì padà jókòó gbì. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní ó ti tó, mà. Wọ́n ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ìgbà kẹrin ni wọ́n dúró, tí wọ́n di fèrèsé mú, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n. Wọ́n wo ìta bí ẹni tó ti àjò dé. Wọ́n ní ta ló gbé dírọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù sójú gọ́tà yẹn, ṣé omi ò ní ya wọ ilé ni? Dírọ́ọ̀mù náà ti wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Bí eré wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá mi á ti máa retí mi. Siéntese, wọ́n á jókòó. Lávese, wọ́n á fi kànìnkàn wá ojú ara wọn kiri, etí ni wọ́n á kọ́kọ́ bá. Vístase, ìyẹn kí wọ́n wọṣọ, ló le jù. Obìnrin tó ta bọ́tìnnì fún ọgbọ̀n ọdún, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ń ṣe agídí sí i. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì ti ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn, wọ́n á bú u, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́. Èmi á dúró, ọwọ́ lẹ́yìn, èékánná mi nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Kí n gbé wọn, kí n wẹ̀ wọ́n, ìyẹn ò tó nǹkan. Kí n dúró lásán ló fẹ́ pa mí.

Ohùn Òkè-Ògùn ni wọ́n fi ń sọ èdè Sípéènì wọn. "Lébántésè," wọ́n á ní, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín ara wọn. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àwọn arúgbó ibẹ̀, wọn ò bímọ ni, tó fi jẹ́ pé Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ọmọ wá?" Mo ní wọ́n bí, àwọn ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ náà ń wáṣẹ́." Mo ti yege nínú ìbéèrè àwọn ará Sípéènì náà báyìí, ìwé ìrìnnà ni mò ń dúró dè bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìsẹ́yìn sì ti tún yàrá ṣe de ìyá mi. Àmọ́ ìgbà tí mò ń sọ yìí, ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jìn, wọn ò sì tíì kírun. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ ti padà, ẹ̀rín ti padà, kódà ìjà iyọ̀ ti padà, àmọ́ tí wọ́n bá pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, ìyá mi á yí ojú síbòmíì.

Ẹni tó ba eré wa jẹ́ ni ìyá ẹlẹ́ja tó ń gbé yàrá iwájú. Mi ò bínú sí wọn, torí pé èèyàn rere ni wọ́n. Ẹja tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn apẹja Snake Island, tí wọ́n ń yan ní ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi kì í ṣàì jẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n gbé ẹja wọlé láìkan ìlẹ̀kùn, wọ́n sì bá ìyá mi tí òógùn bo ojú wọn lórí bọ́tìnnì kejì, èmi níbi ògiri, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Wetin be dis?" Wọ́n gbé àwo ẹja kalẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o dúró bí ọlọ́pàá, ò ń wo ìyá ẹ? Person wey born you?"

Mo ní, "Ẹ̀kọ́ ni, mà. A ń kọ́ ọ ni."

"Which kain ẹ̀kọ́? Abeg, comot for road." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú akàn ni, wọ́n ti so bọ́tìnnì mẹ́ta tó kù. Wọ́n nu òógùn ojú ìyá mi. "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má dá a lóhùn." Ọwọ́ ìyá mi ti padà sórí itan wọn, ó sì wà níbẹ̀.

Kí ó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ti gbọ́. Wọ́n ní òyìnbó ti gba orí mi, pé mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ arúgbó, ìyá mi ni mo sì fi ń dánra wò. Àwọn tó ń ní ọmọ dáa tẹ́lẹ̀ ń kí mi pẹ̀lú ẹnu dídi. Ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo mọ̀ pé ìyá mi ń sàn, mo fi ojú mi rí i, síbẹ̀ ojú àwọn èèyàn ni mo rò, kì í ṣe ti ìyá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé omi gbóná wọlé, mo ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, mo sì wẹ̀ wọ́n látòkè délẹ̀. Ìyá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí n ṣe é. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ Àlàmísì, mo sọ pé "levántese" láti fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọn ò ṣe bí ẹni gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọn ò ní iṣẹ́ fún mi ní ọ́fíìsì, mo sì ti wà nílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ìpè ìrun ṣe dún, ìyá mi ní, "Bu omi àlùwàlá wá."

Mi ò dúró kí wọ́n tún un sọ. Mo bu omi sínú kẹ́tù oníke, mo gbé bàsíà sí iwájú wọn, inú mi ń dùn. Mo kúnlẹ̀, mo mú ọwọ́ ọ̀tún wọn láti fọ̀ ọ́. Wọ́n fà á kúrò. Kò lágbára púpọ̀, àmọ́ wọ́n fà á.

"Gbé kẹ́tù yẹn sílẹ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n yára bá yín ṣe é, kí ẹ lè bá ìrun."

"Ṣé o mọ ìdí tí mi ò fi kírun mọ́?"

Mo ní àìsàn ni, mà. Wọ́n mi orí pé rárá.

"Nígbà tí ìyá tèmi kú ní Ìsẹ́yìn, mo wà lára àwọn tó wẹ̀ wọ́n. A gbé ọwọ́ wọn, a fọ̀ ọ́, a gbé e kalẹ̀. A gbé ẹsẹ̀, a fọ̀ ọ́, a gbé e kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ la ṣe é, a ò jẹ́ kó dùn wọ́n, bí ìwọ náà ṣe ń ṣe. Láràárọ̀ tí o bá gbé ọwọ́ mi, ìyẹn ni mo máa ń rántí. Mo ní ó dáa, ọmọ mi ti ń wẹ òkú mi sílẹ̀ dè mí." Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. "Òkú kì í kírun."

Lórí eékún mi níbẹ̀, mo rí gbogbo oṣù mẹ́jọ náà, ìlẹ̀kùn tí mò ń ṣí sílẹ̀, ṣíbí tí mò ń kì bọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ yẹn ń bọ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kó wẹ̀ mí. Mi ò ní bá ẹ janpata lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kì í ṣe òní."

Mo gbé kẹ́tù sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì wọn, mo sì dìde. Wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n fi omi yọ ẹnu, ìdajì rẹ̀ dà sí àyà wọn. Wọ́n bọ́jú. Wọ́n ti dé apá nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja yọ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n rí ìyá mi tó tutù látòkè délẹ̀, tí wọ́n sì na ọwọ́ láti gba kẹ́tù. Mo dúró sáàárín. Mi ò tíì ṣe irú ẹ̀ sí àgbà rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bá wọn ṣe é."

Wọ́n wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ojú ìyá mi, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Wọ́n fa àpótí ìjókòó kan, wọ́n jókòó.

Ẹsẹ̀ ló pẹ́ jù. Ìyá mi fi ọwọ́ òsì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí itan, ó bọ́, wọ́n tún gbé e, ó tún bọ́. Kẹ́tù ṣubú, omi inú ẹ̀ sì ṣàn dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n na kẹ́tù náà sí mi láìwò mí, mo lọ bu òmíràn wá. Ní ìta, àwọn ọkùnrin ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, mò ń gbọ́ ìró bàtà wọn àti ohùn wọn tí wọ́n fi ń kíra, nígbà tí ìyá mi yí àga wọn síbi tí wọ́n ń kọjú sí kírun, tí wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè dé etí, tí ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé e débi tó lè dé, tí wọ́n sì ní, "Allāhu Akbar." Ìyá ẹlẹ́ja ló bá wa nu omi ilẹ̀. Èmi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹkún ló gbà mí lójú.